Kì í ṣe Gbogbo Omi tó Tòrò ló ṣeé Mu: Àríwísí lórí Èdè tí a fi ń kọ nípa Ìtọ́jú Omi ní Kíláàsì Yorùbá

1. Ìfáàrà

Omi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ Yorùbá fẹ́ràn láti yàn fún àròkọ, fún àyọkà àti fún aáyan ògbufọ̀. Kò yani lẹ́nu. Kò sí ọmọ tí kò mọ omi, kò sì sí ìlú Yorùbá kan tí kò ní odò tàbí kànga tí ọmọ lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1970 tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ẹnu kò tún gbà á mọ́ láti sọ pé èdè wa kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ǹjẹ́ àwa tí a ń lo èdè náà ń lò ó bí ó ti yẹ?

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti fi ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ kedere: omi tí ojú rí pé ó mọ́, omi tí kò ní ohun tí ó yọ́ sínú rẹ̀, àti omi tí kò ní kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí àwa olùkọ́ ń kọ, tí àwa olùdánwò sì ń fún ní máàkì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mọ́, ni a fi ń di ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì gbà á. Ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú gbólóhùn dídùn lásán wò.

2. Àyọkà tí a fẹ́ yẹ̀ wò

Ẹ jẹ́ kí a gbé àyọkà kúkúrú kan kalẹ̀. Àwa fúnra wa ni a hun ún fún iṣẹ́ yìí. Inú ìwé ẹnikẹ́ni kọ́ ni a ti mú un. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ti ń ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ fún ọdún mélòó kan yóò mọ irú rẹ̀ dunjú:

"Omi kò lọ́tàá. Kí a tó mu omi odò, ó yẹ kí a sọ ọ́ di mímọ́. A lè fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè tòrò, a lè fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, a sì lè gbé e kaná kí ó gbóná dáadáa. Bí a bá ti ṣe ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, gbogbo ìdọ̀tí àti kòkòrò inú rẹ̀ yóò kúrò, omi náà yóò sì mọ́ gaara fún mímu."

Bí ó bá jẹ́ gírámà ni a ń wò, kò sí ohun tí a lè sọ sí àyọkà yìí. Gbólóhùn rẹ̀ já geere, àmì ohùn rẹ̀ pé, ó sì fi òwe bẹ̀rẹ̀ bí àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò fún un ní máàkì 8 nínú 10 láìmikàn. Síbẹ̀, bí òǹkàwé kan bá ṣe gẹ́lẹ́ bí àyọkà náà ti wí, tí ó mú ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta náà tí ó fi méjì sílẹ̀, ó lè ti ibẹ̀ kó àrùn tí yóò pa á. Òwe tí ó fi bẹ̀rẹ̀ pàápàá kò bá a dọ́gba. Ohun tí àwọn àgbà ń fi omi kò lọ́tàá sọ ni pé kò sí ẹ̀dá tí kò nílò omi. Wọn kò sọ pé gbogbo omi ni ọ̀rẹ́ wa.

A ó mú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé àyọkà náà ró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3. Mọ́ àti mímọ́

À ń sọ pé aṣọ mọ́, yàrá mọ́, omi mọ́. Ojú ni adájọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ojú kò bá rí ìdọ̀tí, mọ́ ti tọ́ sí ohun náà. Ọ̀rọ̀ yìí dára ní àyè tirẹ̀, àṣìlò ni kí a máa fi ṣe ẹ̀rí fún ohun tí ojú kò lè rí.

Ti mímọ́ tilẹ̀ tún burú sí i. Nínú Bíbélì Yorùbá àti nínú ìjọ Àgùdà, ohun mímọ́ ni ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Omi mímọ́ sì ni omi tí àlùfáà ti gbàdúrà sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fún ní aáyan ògbufọ̀, tí ó wá kọ pé "ilé-iṣẹ́ ìjọba ń sọ omi di mímọ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ìgboro," ti sọ ilé-iṣẹ́ omi di ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò wa ni pé kí a fi ìsọdimímọ́ sílẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́, kí a máa pe iṣẹ́ náà ní ìtọ́jú omi, kí a sì máa pe àbájáde rẹ̀ ní omi tó ṣeé mu. Ìtọ́jú kò sọ pé ohun kan ṣoṣo ni a ṣe. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìgbésẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ náà rí.

4. Tòrò

Tòrò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó péye jù lọ tí a ní. Òdìkejì rẹ̀ ni rú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá da ẹrẹ̀ sínú odò, a ní omi tuntun ti rú. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá rì, a ní omi ti tòrò. Ẹni tí ó ń ṣe ògì mọ̀ ọ́n dáadáa: bí a bá sẹ́ ògì tán, a ó fi í sílẹ̀ kí ó tòrò, ògì yóò rì sí ìsàlẹ̀, omi yóò sì wà lókè. Ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìsọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí ó fọ́n ká ti rì.

Kí ni álọ́ọ̀mù ń ṣe sí omi? Àwọn èérún amọ̀ kan wà nínú omi odò tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ rì fúnra wọn. Ara wọn ní agbára mànàmáná irú kan náà, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, tí wọn kò lè kó ara wọn jọ. Álọ́ọ̀mù ní irin alumíníọ́mù nínú. Bí ó bá ti yọ́ sínú omi, agbára òdìkejì tí alumíníọ́mù yìí ní yóò pa ti èérún amọ̀, yóò sì di ohun kan tí ó rọ̀ bí ògì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, tí yóò so àwọn èérún náà pọ̀. Bí wọ́n bá ti wúwo tán, wọn yóò rì. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn lè bá wọn rì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, álọ́ọ̀mù kò sì pa èyí tí ó kù. Nítorí náà, "fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè tòrò" tọ̀nà. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé ni "gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ yóò kúrò."

Bí ẹnìkan bá rò pé à ń fa ọ̀rọ̀ gùn lásán, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú London ní ọdún 1854. Kànga ẹlẹ́rọ kan wà ní òpópónà Broad Street tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn omi rẹ̀. Àwọn kan ń gbé ọ̀nà jíjìn tí wọ́n sì ń ránni lọ pọn ọ́n. Omi náà tòrò, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n omi ìgbẹ́ láti ibi kòtò kan nítòsí ti ń jò sínú rẹ̀. Dókítà John Snow kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lé ní 500 ènìyàn tí àrùn onígbáméjì pa ní àyíká ibẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Omi tí ó tòrò ni púpọ̀ nínú wọn mu.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1970 ni onígbáméjì ti ìgbà tiwa wọ Nàìjíríà, ó sì ti padà wá léraléra. Ní ọdún 2024 ó tún jà ní Èkó.

5. Sẹ́

Àwọn ìyá wa kì í ṣi sẹ́ àti jọ̀ lò. Ògì ni à ń sẹ́, èlùbọ́ ni à ń jọ̀. Nínú méjèèjì, ihò ohun èlò ni ó ń ṣe ìdájọ́: ohun tí ó bá tóbi ju ihò lọ yóò kù lókè bí èèrí, ohun tí ó bá kéré jù ú lọ yóò kọjá. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà máa fà wá sí ni pé: báwo ni ohun tí à ń sá fún ti tóbi tó?

Àrùn sòbìà ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Àwọn baba wa mọ àrùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ inú òwe: bí sòbìà yóò bá di egbò, olúgànbe ni à á ké sí. Inú kòkòrò omi kékeré kan, tí ó tó mìlímítà kan sí méjì, ni ọmọ aràn yìí máa ń wà. Ẹni tí ó bá gbé kòkòrò náà mì ni ó gbé sòbìà mì. Bí a bá fi aṣọ tí ojú rẹ̀ dí sẹ́ omi náà, kòkòrò yóò kù sójú aṣọ. Asẹ́ aṣọ yìí, pẹ̀lú ìlanilọ́yẹ̀, kànga tuntun àti oògùn tí a dà sínú odò, ni wọ́n fi ṣẹ́gun sòbìà ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí ó wáyé ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 rí ènìyàn tí ó lé ní 650,000 tí àrùn náà ń bá jà. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ ńlá ni sẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì kò gùn ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Ihò aṣọ dà bí ẹnu ọ̀nà ààfin lójú rẹ̀. Lóòótọ́, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Bangladesh, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé bí a bá ká ògbólógbòó aṣọ sárì po ní ìlọ́po mẹ́rin tí a sì fi sẹ́ omi, iye àwọn tí ń kó onígbáméjì yóò dín kù ní bí ìdajì, nítorí pé púpọ̀ nínú kòkòrò náà máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn ẹ̀dá omi tí ó tóbi jù wọ́n lọ. A yin ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dín kù ni, kì í ṣe kúrò, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ohun tí ó yọ́ sínú omi tilẹ̀ kéré ju èyí lọ. Ẹni tí ó ń ṣe ọṣẹ dúdú a máa da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, omi yóò sì máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eérú kù lókè. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ahọ́n kan omi tí ó kán sílẹ̀, yóò ta, nítorí ohun tí ó yọ́ láti ara eérú ti bá omi kọjá. Láti ayébáyé ni àwọn alọ́ṣẹ wa ti mọ̀ pé sísẹ́ kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi. Iṣẹ́ ọṣẹ dúró lé e lórí.

6. Yọ́

A ń sọ pé òrí yọ́ nínú oòrùn. A sì ń sọ pé iyọ̀ yọ́ nínú omi. Ọ̀rọ̀ kan ni, iṣẹ́ méjì ni. Ooru nìkan ni òrí nílò. Iyọ̀ kò nílò ooru, omi ni ó nílò. Kí a má baà da méjèèjì pọ̀, àbá wa ni pé kí a máa lo yọ́ nìkan fún ti òrí, kí a sì máa lo yọ́ sínú fún ti iyọ̀.

Ìdí tí omi fi lágbára lórí iyọ̀ wà nínú bí omi fúnra rẹ̀ ti rí. Ní ọdún 1784 ni Henry Cavendish gbé ìwádìí rẹ̀ jáde, tí ó fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ kan tí ó máa ń gbiná bá jóná, omi ni yóò dà. Ní ọdún 1787 ni Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ afẹ́fẹ́ náà ní háídírójìn, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ "ohun tí ń bí omi." Átọ́ọ̀mù háídírójìn méjì àti átọ́ọ̀mù ọ́kísíjìn kan ni ó para pọ̀ di omi, ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ ní H₂O. Nínú gíráàmù 9 omi, gíráàmù 1 jẹ́ háídírójìn, gíráàmù 8 jẹ́ ọ́kísíjìn. Àwọn átọ́ọ̀mù mẹ́ta yìí kò tò gbọọrọ. Wọ́n tẹ̀ bí lẹ́tà V. Agbára mànàmáná ìhà ọ́kísíjìn kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ìhà háídírójìn, nítorí náà omi lè fi ìhà kan fa apá kan nínú iyọ̀, kí ó fi ìhà kejì fa apá kejì, títí yóò fi fà á ya pátápátá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ pé iyọ̀ "pòórá" nínú omi kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí omi náà gbẹ nínú àwo, iyọ̀ yóò tún yọjú.

7. Gbóná àti hó

Omi tí a gbé kaná lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè gbóná, ó sì lè hó. Ipò mẹ́ta ni wọ̀nyí, èdè wa sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ilé-ìwé tó dé. Kí omi gbóná dáadáa, bí àyọkà wa ti wí, lè túmọ̀ sí omi ìwẹ̀. Hó ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ: kí omi hó fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Híhó yìí ni ó ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Pípa ni ó sì ń pa wọ́n. Kì í kó òkú wọn jáde, kì í sì í mú ẹrẹ̀ tàbí iyọ̀ kúrò. Èèpá funfun tí a ń rí nídìí kẹ́tù ní ìlú tí òkúta ẹfun pọ̀ sí jẹ́ ìwọ̀nba ohun tí ooru lè yà kúrò lára omi.

Bí a bá fẹ́ gba omi lọ́wọ́ gbogbo iyọ̀ tí ó yọ́ sínú rẹ̀, ọ̀nà kan ni kí a sè é títí yóò fi di oru, kí a gba oru náà, kí a sì mú un tutù kí ó tún di omi. Àwọn tí ń pọn ògógóró kò ṣàì mọ ọgbọ́n yìí: àgbá lórí iná, ọ̀pá tí ó gba inú omi tútù kọjá, àti ohun tí ń kán sínú ìgò. Iyọ̀ kì í bá oru lọ.

8. Tàbí àti lẹ́yìn náà

Àléébù tí ó burú jù nínú àyọkà náà kò sí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kankan. Inú "a lè . . . a lè" àti "ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí" ni ó wà. Òǹkọ̀wé náà fi ọ̀rọ̀ ìyàn síbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìtòtẹ̀léra wà. Ní ilé-iṣẹ́ omi bí èyí tí wọ́n kọ́ sí Eléyelé ní Ìbàdàn ní ọdún 1942, iṣẹ́ ni ó ń tẹ̀ lé iṣẹ́: álọ́ọ̀mù yóò mú kí omi tòrò, yanrìn yóò sẹ́ ẹ, kilorínì yóò sì pa kòkòrò tí ó kù.

Ìdí wà tí kilorínì fi gbẹ̀yìn. Bí a bá da kilorínì sínú omi tí ó rú, ara ìdọ̀tí ni agbára rẹ̀ yóò tán sí, kòkòrò yóò sì yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó ṣẹ́ kù tó mìlígíráàmù 0.5 nínú lítà kan lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó lè máa ṣọ́ omi náà nínú ọ̀pá. Ẹni tí ó bá kọ tàbí síbi tí lẹ́yìn náà yẹ kí ó wà ti da gbogbo ètò yìí rú.

9. Èsì sí àwọn tí ó lè takò wá

A lè rí ẹlẹgbẹ́ wa tí yóò sọ pé olùkọ́ èdè ni wá, kí a fi kẹ́mísìrì sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Èsì wa ni pé ìyàtọ̀ láàárín tòrò àti mọ́, láàárín gbóná àti hó, láàárín tàbí àti lẹ́yìn náà, kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni, iṣẹ́ wa sì ni.

Àwọn mìíràn yóò ní èdè wa kò tíì ní ọ̀rọ̀, pé kí a kọ́kọ́ ṣẹ̀dá rẹ̀. Òótọ́ ni pé a lè yá orúkọ bí háídírójìn àti kilorínì, a sì lè túmọ̀ wọn bí àwọn ará Jámánì ti túmọ̀ háídírójìn sí "Wasserstoff," ohun tí omi ti wá. Èyí tí a bá yàn nínú méjèèjì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n rú, tòrò, sẹ́, yọ́, kán àti hó wà nílẹ̀ kí a tó bí wa. Kò sí èyí tí ó yẹ kí a yá nínú wọn.

10. Àtúnkọ àti àbá

Báyìí ni a rò pé ó yẹ kí àyọkà náà kà:

"Omi odò tí ó rú kò ṣeé mu bẹ́ẹ̀. Kí a kọ́kọ́ po álọ́ọ̀mù díẹ̀ mọ́ ọn, kí a sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tòrò. Lẹ́yìn náà, kí a rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, kí a sì fi aṣọ tí ojú rẹ̀ dí sẹ́ ẹ. Omi náà ti mọ́ lójú báyìí, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí lè ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí a gbé e kaná títí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú kan, kí a dé e, kí ó sì tutù. Nígbà náà ni ó tó ṣeé mu."

Ẹ kíyè sí kòkòrò àìfojúrí. Ó sàn ju kòkòrò lásán lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí tí ojú kò fi lè ṣe adájọ́ níbẹ̀.

Àbá mẹ́ta ni a ní fún àwọn olùdánwò. (i) Kí ìlànà máàkì fún àyọkà tàbí ògbufọ̀ tí ó jẹ mọ́ omi ya máàkì sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ mu. (ii) Kí a má ṣe gba gbóná dípò hó, tàbí mímọ́ dípò tó ṣeé mu. (iii) Kí a máa yọ máàkì bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi tàbí so ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ léra.

11. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àléébù tí ó wà nínú bí a ti ń kọ nípa ìtọ́jú omi kò wá láti ọ̀dọ̀ èdè Yorùbá. Àwọn tí ń sẹ́ ògì, tí ń ṣe ọṣẹ, tí ń pọn ògógóró, ti ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ fún wa. Àwa tí a kàwé ni a kó wọn pọ̀ sínú mọ́. A rọ ẹgbẹ́ wa kí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nígbà tí a bá tún jókòó lórí ìlànà máàkì, kí irú àyọkà tí a fi bẹ̀rẹ̀ yìí má baà tún gba 8 nínú 10 lọ́wọ́ wa.